Gbèsè Ọrùn, Gbèsè Ọkàn: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Tí À Ń Sọ sí Onígbèsè

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ènìyàn jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí a fi ń jẹ iyán, tí a fi ń jẹ oyè, tí a sì fi ń jẹ ìyà, òun náà la fi ń jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti jẹ ẹ́ tán, a kì í sọ pé gbèsè wà nínú ikùn rẹ̀ tàbí nínú àpò rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ọrùn ni ó gbé orí dúró. Ẹrù tó bá wà lọ́rùn kì í jẹ́ kí olúwarẹ̀ gbójú sókè wo ẹlòmíràn. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí kò kàwé ìṣègùn kankan, síbẹ̀ wọ́n ti rí ohun tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń wí lónìí: gbèsè kì í dúró sí ìdí owó nìkan, ó ń wọ inú ọkàn, ó ń lé oorun lójú, ó sì ń mú kí ènìyàn sá fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa gbèsè, àti èyí tí à ń sọ sí onígbèsè lójú. Òwe wà nínú rẹ̀, eré oníṣe kan wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òbí ń rán ọmọ lẹ́nu ọ̀nà wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi ránṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Mo mọ̀ pé bí a bá ń kọ́ ọmọ lówe, bí òfin la ṣe ń kọ́ ọ: olùkọ́ á pe ìdajì, ọmọ á parí ìdajì, ó tán. A kì í sábà bi òwe léèrè pé, ‘Ta ni ọ́ ń bá wí? Ìgbà wo ló yẹ ká pa ọ́? Kí ni o máa ṣe sí ọkàn ẹni tó gbọ́ ọ?’ Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ bi wọ́n, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní sáà kan, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì SS2 mi béèrè òwe tó jẹ mọ́ gbèsè àti ìnáwó lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn. Ìkìlọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n mú wá. ‘Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.’ ‘Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.’ ‘Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.’ Òwe gidi ni gbogbo wọn, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jù wọ́n nù. Ẹni tó bá fi wọ́n sọ́kàn kò ní yáwó ṣe ìnáwó òkú tàbí ra aṣọ ẹbí tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ẹni tí kò tíì yáwó ni. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Ẹni tó ti wọlé, tí ilẹ̀kùn ti tì mọ́, kò rí ọ̀rọ̀ kan gbà lẹ́nu wọn ju ‘mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀’ lọ.

Wọ́n tún gbà pé àṣejù ló ń sọ ènìyàn di onígbèsè. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó máa ń rí ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní kó lọ mú owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kò ní ìwọ̀n eku kankan tí yóò wọ̀n. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta délẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Bí a bá pa òwe yẹn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ti dá a lẹ́bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Òwe ẹgbẹ̀fà yẹn tilẹ̀ ní nǹkan mìíràn nínú tí a kì í sábà kíyè sí. Ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn ni pé ẹni tí kò san gbèsè kò ní rí owó yá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán igi tó wó dí ojú ọ̀nà. Ta ni ọ̀nà náà kọ́kọ́ dí mọ́? Onígbèsè fúnra rẹ̀ ni. Òun ni kò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù olówó rẹ̀ kọjá mọ́, tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ọjà. Òun ni kò lè lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́ nítorí pé akápò wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, gbogbo ọ̀nà àdúgbò á dí mọ́ ọn, á sì ku òun nìkan nínú yàrá. Àwọn oníṣègùn ka irú ìyaraẹnisọ́tọ̀ báyìí mọ́ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Òwe tí mo rò pé ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn ni ‘Àjẹsílẹ̀ gbèsè tí kò jẹ́ kí ẹgbẹ̀fà tó ó ná.’ Ìtumọ̀ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé bí ènìyàn bá ní gbèsè àtẹ̀yìnwá, owó tó bá wọlé fún un kò ní tó o. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé ẹgbẹ̀fà kéré. Ẹgbẹ̀fà ni ẹgbẹ̀fà ń jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ gbèsè àti lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni ọwọ́ tí owó bọ́ sí, àti ọkàn tó ń darí ọwọ́ náà. Onígbèsè ń ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń pín in fún ẹni mẹ́rin kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń rò ó ní ojú oorun. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, ọpọlọ tí yóò fi ṣòwò ti rẹ̀. Èmi rí i kà báyìí pé gbèsè àtijọ́ ń jẹ owó, ó sì ń jẹ òye tí a fi ń ná owó.

Ìwádìí ti gbè sẹ́yìn òwe yìí. Ní ọdún 2013, ìwé àtìgbàdégbà Science gbé àbájáde iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ oníreké ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n dán òye àwọn àgbẹ̀ náà wò ṣáájú ìkórè, nígbà tí ọwọ́ dá, tí ilé sì ti kún fún àwìn, wọ́n sì tún dán an wò lẹ́yìn ìkórè nígbà tí owó ti wọlé. Àgbẹ̀ kan náà ni, orí kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe dáadáa lẹ́yìn ìkórè ju ti ṣáájú lọ. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ ti àwọn onígbèsè 196 jáde ní Singapore, àwọn tálákà tí gbèsè ti wà lọ́rùn wọn tipẹ́, tí ẹgbẹ́ aláàánú kan wá bá wọn san lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbèsè náà fúyẹ́, àìbalẹ̀ ọkàn wọn dín kù, òye wọn sì já gaara sí i. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé iye ojú gbèsè tí wọ́n bá ènìyàn dí ló jà jù. Bí wọ́n bá bá ẹni méjì san iye owó kan náà, ẹni tí wọ́n bá mú gbèsè mẹ́ta kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá máa ń ní ìbàlẹ̀ ọkàn ju ẹni tí wọ́n bá mú ẹyọ kan kúrò lọ. Ojú gbèsè kọ̀ọ̀kan dà bí ẹnì kan tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ọkàn ṣe ń wúwo tó.

Ẹnu ọ̀nà tí mo dárúkọ yìí mú mi rántí ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé òwe kankan, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dáadáa: ‘Lọ sọ fún wọn pé mi ò sí nílé.’ Bàbá wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tàbí ìyá wà ní bálùwẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n rán sí olówó. Ọmọ á lọ, á jíṣẹ́, olówó á wo ojú rẹ̀, ọmọ á sì mọ̀ pé olówó mọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ti di alábàápín gbèsè. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ á já. Bí ó bá wà ní kíláàsì, tí a ń kọ́ ọ ní ìṣirò, etí rẹ̀ wà nílé. Àwọn òbí máa ń sọ pé àwọn ń fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún ọmọ kó má bàa dààmú, bẹ́ẹ̀ ọmọ ni wọ́n fi ṣe aṣọ́nà rẹ̀. A lè bá ọmọ sọ òótọ́ ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀: ‘A jẹ wọ́n lówó, a ó san án, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.’ Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kò ní san gbèsè, ṣùgbọ́n yóò mú un kúrò lọ́rùn ọmọ.

Àwa náà ló kọ́ ara wa ní ìfipamọ́ yìí. ‘Fi ọ̀ràn sínú, pète ẹ̀rín,’ ni àwọn àgbà wí. Fún ìṣòro ọjọ́ kan, ìmọ̀ràn rere ni. Kò yẹ kí ènìyàn máa gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ kiri ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀ràn sínú fún oṣù mẹ́fà, tó ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí, tó ń san àjọ kó má bàa hàn pé nǹkan ti bàjẹ́, tó sì tún ń lọ yá owó lọ́wọ́ sọ́gùndógójì láti fi san àjọ náà, ẹ̀rín rẹ̀ ti di gbèsè mìíràn. Orúkọ sọ́gùndógójì fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe: ogún ló gbé fún ọ, ogójì ló ń retí. A mọ orúkọ náà, à ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, síbẹ̀ ìtìjú ń lé wa bọ́ sí i lọ́wọ́ nítorí pé ojú ń tì wá láti sọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó lè yá wa láìgba èlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni mo dé yìí. Òwe kan wà tí a máa ń fi ìgbéraga pa: ‘Ikú yá j’ẹ̀sín.’ Ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n, akọrin ń kọ ọ́, òṣèré ń pa á nínú fíìmù. Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, òwe jagunjagun àti olóyè ni, ẹni tí ìlú fi ọkàn tán, tí ìwà ọ̀dàlẹ̀ rẹ̀ lè pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òwe náà ní kó yan ọlá ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ kó má bàa ta ìlú. Ìwọ̀n ọ̀ràn náà ló mú kí òwe náà tóbi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá wá gbé òwe olórí ogun wọ obìnrin tó jẹ 40,000 náírà lọ́rùn, ẹ̀wù náà kò bá a mu, ó ń fún un lọ́rùn ni. Ẹ̀sín gbèsè ń kọjá lọ. Ìlú tó fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún yìí á ti gbàgbé ní èèmíràn. Ikú kì í kọjá.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi èyí hàn wá nínú eré oníṣe rẹ̀, Rẹ́rẹ́ Rún, tó jáde ní ọdún 1973. Owó àwọn òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó Láwúwo, olórí wọn. Àwọn oníjìbìtì gba owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọpọlọ Láwúwo sì dàrú. Àwọn tó máa ń ṣàlàyé eré yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dúró lórí ìjà òṣìṣẹ́ àti aninilára, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ kí a tún wo obìnrin náà. Kò jalè. Kò ná owó náà. Wọ́n jà á lólè ni, owó ẹlòmíràn sì di gbèsè lọ́rùn rẹ̀ ní wákàtí kan. Ìtìjú tí kì í ṣe tirẹ̀ ló pa á, kò sì pa òun nìkan, ó mú orí ọkọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Òkédìjí kò wàásù fún wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka eré náà tán, tó tún ń pa ‘Ikú yá j’ẹ̀sín’ láìronú, kò ka eré náà yé.

Òfin wa gan-an kò tíì rí ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yẹ. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹni tí ẹ̀sín ń lé, tó sá lọ sí bèbè ikú, tí àwọn aládùúgbò fà á padà, ẹ̀sín mìíràn ni òfin tún fi ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dójú ti onígbèsè. Samuel Johnson ṣàpèjúwe wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ológò ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ‘ohun ìdógò’ tí a ń gbọ́ ní báǹkì lónìí. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó á lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú, ológò á sì lọ jókòó sí ilé onígbèsè. Á máa bú u, á máa da ilé rú, kò sì ní kúrò títí owó yóò fi jáde. Gbogbo ará ilé ni ara kò ní rọ̀.

Mi ò ní kí a pe ológò ní ènìyàn rere. Mi ò sì ní kí a máa sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ nídìí gbèsè. Ayé yẹn náà ni wọ́n ti ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, tí ọmọ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dí èlé owó tí bàbá yá, tí ojú owó sì wà níbẹ̀ digbí. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìṣe ológò bí ẹni ń ka ìwé, a ó rí i pé ó ní ààlà mẹ́ta. Ìlú ló fún un láṣẹ. Ilé kan ṣoṣo ló jókòó sí. Àwọn tó ń yọ lẹ́nu sì ni àwọn tó lè dá owó jọ: bàbá, ẹ̀gbọ́n, baálé. Ariwo rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n etí àwọn tó lè gba onígbèsè sílẹ̀ ló ń lọ tààrà.

Ẹ fi iṣẹ́ tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi ránṣẹ́ wé e. Mo ti gba ọ̀kan rí. Orúkọ ìyá kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní àdúgbò wa ló wà nínú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lókè. Wọ́n pè é ní olè àti oníjìbìtì, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yẹra fún un, wọ́n sì ní èmi ni onídùúró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ìgbà tó yáwó. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí nọ́ńbà mi ni pé ó ti kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé wa. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, ‘Tíṣà, ṣé wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà?’ Lẹ́yìn náà ló wá ní, ‘Owó yẹn kò bà mí lẹ́rù mọ́. Fóònù ni mò ń bẹ̀rù.’ Ó ti pa á fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ ra ọjà kò rí i pè, ibi tí owó tí yóò fi san gbèsè ìbá ti wá sì ti dí.

Kò sí ààlà ológò kankan nínú iṣẹ́ yẹn. Kò sí ìlú tó fún wọn láṣẹ láti pe ènìyàn ní olè láìdé ilé ẹjọ́. Kò sí ilé kan tí wọ́n jókòó sí, nítorí inú fóònù gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n wà. Èyí tó burú jù ni àwọn tí wọ́n ń ké sí: olùkọ́ ọmọ rẹ̀, oníbàárà tó ra aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n sì gba nọ́ńbà ara wọn. Wọn ò lè bá a san, wíwò ni wọn yóò máa wò ó. Ìtìjú tí kò ní olùgbàlà nínú, kí ni ó kù tí yóò ṣe fún ọkàn bí kò ṣe kó fọ́ ọ? Ìjọba ti rí i díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí irú ìwà yìí. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀lé ìlànà. Ní ọdún 2023, Nàìjíríà ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ fún ní ibi tó lè gbé ẹjọ́ lọ. Kó tọ́jú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó má pa á rẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣòwò ka ohun tí mo kọ dé ibí yìí, ó ní mo ti gbè sẹ́yìn onígbèsè jù. Ó ní, ‘Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ńkọ́? Ṣé òun ń sùn ni? Bí a bá mú ìtìjú kúrò, ta ni yóò tún san gbèsè?’ Ìbéèrè náà tọ́. Mo mọ ìyá tó kó owó ọjà rẹ̀ yá àbúrò, tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà nígbà tí àbúrò kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ọkàn olówó náà ń dàrú. Ìdáhùn mi ni pé kí a ya gbígba owó sọ́tọ̀ kúrò lára bíba ènìyàn jẹ́. Olówó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, láti bínú, láti pe àgbà ilé, láti lọ sí ilé ẹjọ́. Ìtìjú náà ní ibi tó ti wúlò, òun ló ń mú kí ènìyàn rántí àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti lé dé ibi tí kò lè sùn, tí kò lè gbé fóònù, tí kò lè jáde lọ sí ọjà, níbo ni yóò ti rí owó olówó? Ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ kí orí onígbèsè rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ orí pípé yìí fi àìtó kan hàn nínú èdè wa ojoojúmọ́. Bí ọkàn ẹnì kan bá rẹ̀, ‘wèrè’ tàbí ‘orí rẹ̀ ti dàrú’ ló máa ń yá wa lẹ́nu. Àrò ní Abẹ́òkúta, tó jẹ́ ilé ìwòsàn, ti di èébú lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé: ‘Ṣé Àrò lo ti ń bọ̀?’ Òfin ìjọba pàápàá ṣì ń pè é ní òfin wèrè títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Nítorí náà, ẹni tí gbèsè ti gba oorun lójú rẹ̀ kò ní lọ rí dókítà, kí wọ́n má bàa kà á mọ́ àwọn tó ń rìn ní ìhòòhò. Bẹ́ẹ̀ ìtàn Àrò gan-an yẹ kó jẹ́ ìwúrí fún wa. Ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n T. Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láàárín àwọn ènìyàn. Ó mọ̀ pé ọkàn tó rẹ̀ kì í sàn ní ìdáwà. Àárẹ̀ ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì, àìbalẹ̀ ọkàn, àìróorunsùn: a ní ọ̀rọ̀ fún un, ẹ jẹ́ ká máa lò wọ́n. Àìsàn tó ní orúkọ ló ń rí ìtọ́jú.

Òwe wo ni ká wá pa fún ẹni tó ti jẹ gbèsè? Mo dábàá èyí: ‘Ọ̀ràn kì í tóbi títí kí a fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń wí i.’ Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ‘Ikú yá j’ẹ̀sín’ kí ẹ wò ó. Èkíní ń ti ènìyàn sínú yàrá, èkejì ń pè é jáde. Ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí a gbé e sílẹ̀. Kò sọ pé ọ̀ràn náà kéré. Ó gbà pé ó tóbi, ó kàn ní ẹnu tó o.

Ẹni tó bá fẹ́ fi òwe yìí ṣiṣẹ́, kó jókòó ti onígbèsè pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kó bi í pé: ta lo jẹ, èló ni, ìgbà wo lo ṣèlérí? Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí gbèsè tó wà nínú ìwé kì í tóbi tó èyí tó wà nínú òkùnkùn. Kí wọ́n wá èyí tó kéré jù tí wọ́n lè tètè dí pátápátá, kí ojú gbèsè dín kù. Kí ẹnì kan bá a lọ bá olówó láti tọrọ ọjọ́. Bí oorun bá ti lọ lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ owó, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé ẹ̀wù kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, ó ti rìnhòòhò wọjà. Ìgbà tí Ọmọ́yẹ ṣì wà nínú ilé ló yẹ ká mú ẹ̀wù lọ bá a.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá kọ́ ọmọ ní òwe gbèsè, ẹ jẹ́ kó kọ ẹni tí òwe náà ń bá wí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹni tó fẹ́ yáwó ni, tàbí ẹni tó ti yá a. Ẹ̀yin òbí, ẹ má rán ọmọ sí olówó mọ́, ẹ jáde lọ bá a fúnra yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí orúkọ òbí ẹlẹgbẹ́ yín nínú irú iṣẹ́ yẹn lórí fóònù, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Gbèsè yóò wà lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́ títí tí yóò fi san án. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa tún máa kún ẹrù náà.